Orí Keje: Àwọn Ìgbín Wẹ́wẹ́ Orí Ilẹ̀, Ìdílé Wọn àti Ibi tí Wọ́n Tẹ̀dó Sí

Bí ènìyàn bá dárúkọ ìgbín létí ọmọ Yorùbá, èyí tí yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni àgbà ìgbín tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń kó kalẹ̀ sínú abọ́ fífẹ̀ ní ọjà Ìkòtún nígbà òjò, èyí tí ó kún ọwọ́, tí ó fi ilé rẹ̀ ṣe ẹrù, tí ó fi ẹrù rẹ̀ ṣe ilé, tí omi inú rẹ̀ jẹ́ omi ẹ̀rọ̀, tí Ọbàtálá, baba arúgbó aláṣọ àlà, fi ṣe oúnjẹ àyànfẹ́. Kò sí ẹ̀bi nínú èyí, nítorí pé ohun tí ó tóbi ni ojú ń tètè rí, ohun tí ó ṣeé jẹ sì ni ọkàn ń tètè rántí. Ṣùgbọ́n bí a bá pe gbogbo ìgbín orí ilẹ̀ jọ láti ìkangun ayé kan dé èkejì, tí a sì ní kí olúkúlùkù jẹ́ orúkọ rẹ̀, irú tí ó lé ní 20,000 ni yóò dáhùn, àwọn tí a lè sè lọ́bẹ̀ nínú wọn kò sì tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ yanturu ni kò ga tó mìlímítà 10, àwọn mìíràn kò tó 2. Ní ọdún 2022 ni àwọn onímọ̀ tilẹ̀ ṣe àpèjúwe ọ̀kan láti inú ihò àpáta ní àríwá ilẹ̀ Vietnam, tí wọ́n sọ ní Angustopila psammion, tí gíga ìkarahun rẹ̀ kò ju 0.7 mìlímítà lọ.

Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ. Nípa àwọn wẹ́wẹ́ wọ̀nyí ni a ó sọ̀rọ̀ ní orí yìí, pàápàá àwọn tí à ń bá ní àyíká Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún, láti Ìkòtún dé Ìgàndò. Ohun méjì ni mo ń fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn bí a ti ń lọ: pé ìtóbi kọ́ ni a fi ń mọ ìbátan ìgbín, àti pé ẹsẹ̀ tiwọn kọ́ ni ó gbé púpọ̀ nínú wọn dé ibi tí a ti bá wọn.

Kí á tó pín wọn sí ìdílé, ó yẹ kí á mọ bí wọ́n ṣe ń mí, nítorí èémí ni ó sọ wọ́n di ará orí ilẹ̀. Inú òkun ni àwọn baba ńlá ìgbín ti ṣẹ̀ wá, wọ́n sì ní ẹ̀yà ara tí à ń fi fa èémí láti inú omi, irú èyí tí ẹja ní, tí ó fara pamọ́ sínú àyè kan lábẹ́ ìkarahun. Nígbà tí ìran wọn kan gòkè wá sí ìyàngbẹ ilẹ̀, ẹ̀yà ara náà pa rẹ́, àyè tí ó gbà tẹ́lẹ̀ kù sílẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín sì ta bo ògiri rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí ó bá fi sùúrù wo àgbà ìgbín tí ó na ara jáde yóò rí ihò kékeré kan ní apá ọ̀tún rẹ̀, lẹ́bàá ẹnu ìkarahun, tí ó ń là, tí ó sì ń pa dé. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Gbogbo ètò yìí ni àwọn wẹ́wẹ́ náà ní, láì dín kan.

Ibi tí kíkéré ti di ìṣòro fún wọn ni ọ̀rọ̀ gbígbẹ. Bí ẹ̀dá bá ti kéré tó ni awọ ara rẹ̀ ń pọ̀ ju omi inú rẹ̀ lọ, nítorí náà omi díẹ̀ tí ó ní kì í pẹ́ fò lọ. Àgbà ìgbín lè fara da ọ̀sán gangan lábẹ́ igi, ṣùgbọ́n èyí tí kò ga ju mìlímítà 2 lọ, bí oòrùn bá rí i fún ìgbà díẹ̀, ó parí. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kejì, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú nílẹ̀ Èkó, wọn a wọ inú ìkarahun lọ, wọn a fi itọ́ ara wọn ta awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí ẹnu ọ̀nà, wọn a sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé. Láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Keje, àti lẹ́yìn ìsinmi òjò inú oṣù Kẹjọ, ni wọ́n tó ń jẹ, tí wọ́n sì ń bí sí i. Olúkúlùkù wọn ni ó jẹ́ akọ tí ó tún jẹ́ abo. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n lè dá bímọ láì pàdé ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ tí a ó tún padà bá níwájú.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn baba wa ní ètò tiwọn nípa ìgbín: wọ́n ya ìpéré sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbín, wọ́n mọ ìlákọ̀ṣẹ onídìí ṣóńṣó tí àwọn oníṣègùn máa ń wá kiri, wọn kò sì ka ìṣáwùrú inú odò, tí ó ní ìdérí tí ó fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra, pọ̀ mọ́ wọn rárá. Ìpín yìí dára, ó sì sàn ju ti àwọn Òyìnbó ìṣáájú lọ ní ibì kan, nítorí pé Carl Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ará Sweden tí ó fi ìwé rẹ̀ ti ọdún 1758 fìdí ètò orúkọ ẹranko tí gbogbo ayé ń lò dòní múlẹ̀, kó gbogbo ohun tí ó ní ìkarahun sí agbo kan, ó sì lé ìgbín tí kò ní ìkarahun lọ sí agbo mìíràn, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá ni wọ́n. Ó di ọdún 1814 kí Georges Cuvier, ará Faransé, tó fi ẹ̀dọ̀fóró ṣe àmì agbo, tí ó sì pè wọ́n ní Pulmonata. Ní ọdún 1855, Adolf Schmidt, ará Jámánì, wo ibi tí ojú wọn wà, ó rí i pé àwọn tí wọ́n jẹ́ ará ilẹ̀ gidi gbé ojú lé ṣóńṣó ìwo òkè, ó sì sọ agbo tiwọn ní Stylommatophora, orúkọ tí ó gùn ju ọ̀pọ̀ ìgbín tí ń jẹ́ ẹ lọ.

Láti ìgbà náà, fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ìkarahun ni a gbójú lé: ìyípo mélòó ni ó ní, ẹnu rẹ̀ ha rí róbótó bí, ìlà ha wà lára rẹ̀, ó ha ga ṣóńṣó tàbí ó pẹlẹbẹ. Ọ̀nà yìí kò ṣe é kọ̀ sílẹ̀ títí di òní, nítorí pé òkú ìkarahun ni à ń rí jù. Àmọ́ ìkarahun a máa tan ni jẹ. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wade, Mordan àti Clarke, yẹ DNA ìgbín láti oríṣiríṣi ilẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé gbogbo agbo náà pín sí ẹ̀ka ńlá méjì péré: ẹ̀ka kan jẹ́ ti àgbà ìgbín Áfíríkà àti àwọn ará ilé rẹ̀, ẹ̀ka kejì sì jẹ́ ti gbogbo àwọn yòókù. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ìgbín tẹ́ẹ́rẹ́ onímìlímítà 15 tí à ń bá lábẹ́ ìkòkò òdòdó jẹ́ ẹbí àgbà ìgbín tí ó lè wúwo tó ìdajì kílò, nígbà tí ìgbín róbótó wẹ́wẹ́ mìíràn tí wọ́n jọ ń gbé abẹ́ ewé kan náà, tí kíkéré wọn sì jọra, wá láti ẹ̀ka kejì pátápátá. Ní ọdún 2017 ni wọ́n wá kó ìdílé Subulinidae, àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ onídìí ṣóńṣó wọ̀nyẹn, wọ inú Achatinidae, ìdílé àgbà ìgbín fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí ọmọ ìgbín tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí ó sì rí bí òun àti ìyá rẹ̀ ti jìnnà sí ara wọn tó ní ìtóbi, kò ní ṣe kàyéfì jù.

Mímí afẹ́fẹ́ nìkan kò sì tó láti fi pe ara ní ìbátan. Nínú igbó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ìdílé Maizaniidae wà, àwọn ìgbín kéékèèké tí wọ́n ń mí bí ti ará ilẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n ní ìdérí lẹ́nu, tí ìran wọn sì sún mọ́ ti ìṣáwùrú ju ti ìgbín lọ. Láti inú omi ni àwọn náà ti dá gòkè wá ní àkókò tiwọn, wọ́n sì gba ọ̀nà tiwọn ní ẹ̀dọ̀fóró.

Nínú gbogbo ìdílé tí ó wà nínú ẹ̀ka àgbà ìgbín, èyí tí ó gbà mí lọ́kàn jù ni Streptaxidae, nítorí pé ìgbín ajẹran ni wọ́n, apanijẹ ará ilé ẹni. Gulella ni olórí wọn ní Áfíríkà, orúkọ tí Louis Pfeiffer ará Jámánì fi lélẹ̀ ní ọdún 1856; irú rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, Ptychotrema sì ni àbúrò tí ó sún mọ́ ọn ní apá ọ̀dọ̀ wa. Ìkarahun wọn funfun, ó ń dán, ó ga díẹ̀ ju bí ó ti fẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ kò sì gùn ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Ara tí ó bá yọ jáde nínú rẹ̀ a máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí kí ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí epo. Bí a bá fi awò amúǹkan-tóbi wo ẹnu ìkarahun náà, a ó rí eyín tí ó hù yí i ká láti inú, eyín tí kì í jẹ nǹkan kan, tí ó kàn há ẹnu ọ̀nà mọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ já wọlé. Iye eyín yìí àti bí wọ́n ṣe tò ni àwọn onímọ̀ fi ń ya irú kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, iṣẹ́ tí ó ń fọ́ni lójú. Eyín tí ó ń jẹran gan-an wà lórí ahọ́n, ó mú ṣóńṣó, ó sì tẹ̀ sẹ́yìn. Gulella a máa tọ ipa itọ́ ìgbín mìíràn lọ, kí ó bá a nínú ilé rẹ̀, kí ó na ọrùn wọlé tọ̀ ọ́, kí ó sì jẹ ẹ́ títí kan ìdí ìkarahun, bẹ́ẹ̀ ni kò ní fọ́ ilé náà rárá.

Àwọn wẹ́wẹ́ yòókù, láti ẹ̀ka méjèèjì, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìdílé Urocyclidae ní Thapsia àti Trochozonites, tí ìkarahun wọn fẹ́lẹ́ tí ó sì fúyẹ́, tí wọ́n sì fẹ́ràn láti gun ewé. Pupisoma àti Nesopupa kò tó nǹkan tí ojú lásán lè rí dáadáa. Èèpo igi àti ẹ̀yìn ewé ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́. Cecilioides ń gbé inú ilẹ̀ pátápátá, ó funfun bí omi ẹ̀kọ, ó sì fọ́jú, nítorí kí ni yóò fi ojú wò nínú òkùnkùn? Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ nípa wọn yóò ṣì ní láti ṣí ìwé ńlá tí Henry Pilsbry ti Philadelphia tẹ̀ jáde ní ọdún 1919 lórí àwọn ìgbín ilẹ̀ Kóńgò, láti inú ẹrù tí Herbert Lang àti James Chapin kó bọ̀ lẹ́yìn ìrìn-àjò wọn láti ọdún 1909 títí di 1915. Pé ìwé Kóńgò ni a ń ṣí láti mọ ìgbín Èkó, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó dun àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa díẹ̀ ni.

Rírí wọn kò nira bí a ti rò. Lẹ́yìn òjò òru kan ni mo bu ewé jíjẹrà ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú àpò ní ẹ̀yìnkùlé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo tẹ́ ẹ sí ibòòji títí ó fi gbẹ, mo sì jọ̀ ọ́, lákọ̀ọ́kọ́ nínú asẹ́ olójú fífẹ̀ kí ewé àti igi lè dúró sókè, lẹ́yìn náà nínú asẹ́ gàrí kí erùpẹ̀ lè ṣubú lọ. Ohun tí ó ṣẹ́kù ni mo dà sórí ìwé funfun lẹ́bàá fèrèsé. Fún ìgbà díẹ̀ kò sí ohun tí ojú rí ju ìyẹ̀pẹ̀, ìgbẹ́ ìjàlọ àti kóró èso lọ. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ti mọ ọ̀kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀pọ̀. Ṣóńṣó ìgbálẹ̀ tí a tì bọ omi ni ó ń gbé wọn jù, nítorí ìka yóò fọ́ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo gbé báyìí kì í ṣe òkú: nígbà tí omi kàn án, ó yọ ara aláwọ̀ ìyeyè jáde, ìwo mẹ́rin, ojú dúdú méjì ní ṣóńṣó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ. Ìkarahun rẹ̀ mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí mo rí ẹyin mẹ́rin, funfun, róbótó, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn nínú ìyípo ìsàlẹ̀.

Subulina octona ni ìgbín náà. Ìyípo ìkarahun rẹ̀ a máa tó mẹ́jọ, gígùn rẹ̀ a sì máa tó mìlímítà 15. Bruguière, ará Faransé, ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru ni a sì gbà pé ó ti ṣẹ̀ wá. Báwo ni ará Amẹ́ríkà ṣe wá di ẹni tí ó ń yé ẹyin sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá? Ìbéèrè yìí ni ó mú wa dé ọ̀rọ̀ ìtànkálẹ̀ wọn.

Igbó ẹgàn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò so kọ́ra láti òpin dé òpin. Láti agbègbè Accra títí dé gúúsù ilẹ̀ Benin ni pápá gbígbẹ ti gé e sí méjì, tí ó fi jẹ́ pé ilẹ̀ wa níhìn-ín wà ní ìkangun ìwọ̀ oòrùn igbó tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Cameroon àti Kóńgò. Àwọn àgbà ìgbín pàápàá jẹ́rìí sí ààlà yìí: Archachatina marginata, tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́jà wa, jẹ́ ti apá ìlà oòrùn títí dé Kóńgò, Achatina achatina sì ti apá Guinea wá títí dé Nàìjíríà. Ní ti àwọn wẹ́wẹ́, ọ̀rọ̀ wọn tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1998, de Winter àti Gittenberger, àwọn ọmọ ilẹ̀ Netherlands, kọ̀wé lórí kìlómítà kan ní ìbú, kan ní òró, nínú igbó gúúsù ìwọ̀ oòrùn Cameroon, wọ́n sì ka irú ìgbín 97 níbẹ̀, iye tí ó yani lẹ́nu, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣọ̀wọ́n débi pé ó gba sùúrù kí a tó rí ọ̀kan. Ní ọdún 2006, Oke àti Alohan ṣe irú iṣẹ́ náà nínú igbó Òkòmù ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, wọ́n sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ Cameroon kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí Nàìjíríà: níbi tí igbó bá ti dúró, ìgbín abẹ́ ewé kò lóǹkà.

Alímọ̀ṣọ́ náà ti jẹ́ igbó àti oko rí, ilẹ̀ Àwórì, abúlé sí abúlé, kí ìlú Èkó tó kún àkúnwọ́sílẹ̀ dé ibẹ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, 1,277,714 ènìyàn ni ìjọba àpapọ̀ kà ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ tí ó pọ̀ tó o ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó. Kí ará Ìpájà tó lè ní òrùlé, igi ní láti wó. Bí igi bá sì wó, oòrùn a kan ewé ilẹ̀, ewé a gbẹ, àwọn Gulella àti Thapsia tí wọn kò lè rìn kọjá títì oní-kóltà kan nínú gbogbo ayé wọn a sì kú síbi tí wọ́n wà. Kì í ṣe igi nìkan ni ó ń ṣe é. Àṣà tí a fi ń yangàn, kí obìnrin jí ní kùtùkùtù kí ó gbá àgbàlá mọ́ fínnífínní, kí a kó ewé jọ, kí a dáná sun ún, òun gan-an ni ó ń gba ilé àti oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀dá yìí. Ilé tí ó mọ́ jù kò ní ìgbín wẹ́wẹ́. N kò sọ pé kí a má gbálẹ̀ o.

Bí onílé ti ń lọ ni àlejò ń wọlé, ohun tí ará Alímọ̀ṣọ́ mọ̀ nípa ara rẹ̀ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Subulina octona wọlé láti Amẹ́ríkà, Allopeas gracile, tí Hutton ṣe àpèjúwe ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1834, sì ti tàn débi pé ó ṣòro láti rí ìlú olóoru kan tí kò sí. Inú erùpẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ rin ìrìn-àjò. Ìkòkò òdòdó tí a ń tà lẹ́bàá títì, ọmọ igi àgbọn, ilẹ̀dú tí a kó láti oko kan lọ sí òmíràn, ọkọ̀ òkun tí ó kó igi ìrèké tàbí kọfí láti ilẹ̀ kan dé ilẹ̀ kejì ní ìgbà ìjọba Òyìnbó, ẹyin wọn wà nínú gbogbo rẹ̀. Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ dídá bímọ tí mo dá dúró lẹ́ẹ̀kan ti ṣe pàtàkì, nítorí pé ìgbín kan ṣoṣo, ọmọ òrukàn nínú ìkòkò òdòdó kan, tó láti dá ìlú sílẹ̀. Àwọn ọmọ igbó tí wọ́n ní oúnjẹ kan pàtó, tí wọ́n ní ọ̀rinrin kan pàtó, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ pàdé ẹnìkejì, kò lè bá irú àlejò bẹ́ẹ̀ du ilẹ̀.

Ènìyàn nìkan kọ́ ni ó ń gbé wọn kiri. Ní erékùṣù Hahajima ní ilẹ̀ Japan, àwọn onímọ̀ rí i ní ọdún 2011 pé ẹyẹ ń gbé ìgbín kan tí kò ju mìlímítà 2.5 lọ mì, tí a ń pè ní Tornatellides boeningi, wọ́n sì fi àwọn kan bọ́ ẹyẹ láti wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: nínú 100, bí 15 ni ó la inú ẹyẹ kọjá láàyè, ọ̀kan sì bímọ kété lẹ́yìn tí ó jáde. Gittenberger, ẹni kan náà tí ó ka ìgbín Cameroon, fi hàn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2006 pé Balea, ìgbín kékeré ará Yúróòpù, ti dé erékùṣù Azores, ó sì tún ti ibẹ̀ dé Tristan da Cunha ní ìsàlẹ̀ Òkun Àtìláńtíìkì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, kò sì sí ohun tí ó lè gbé e débẹ̀ bí kò ṣe ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ ẹyẹ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín ń gun igi, ṣùgbọ́n a ti rí èyí tí ó fò.

Ohun kan wà tí ìlú fi fún ìgbín padà, bí ó tilẹ̀ ti gba igbó lọ́wọ́ rẹ̀. Kálísíọ́mù ni ìkarahun fi ń le, ilẹ̀ pupa oníyanrìn tí ó wà lábẹ́ Alímọ̀ṣọ́ kò sì ní in púpọ̀, nítorí òjò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ti fọ̀ ọ́ lọ. Nínú igbó, ìgbín a máa họ òkú ìkarahun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ. Nílùú, ó rí fẹ́ǹsì búlọ́ọ̀kù, ó rí etí gọ́tà, ó rí ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri tí kò ní ọ̀dà, ní apá tí omi ẹ̀rọ amúlétutù tàbí omi ìwẹ̀ ń kán sí, níbi tí ewéko tútù ti hù: ibẹ̀ ni àwọn wẹ́wẹ́ ń kóra jọ sí ní òru, tí wọ́n ń fi ahọ́n họ ògiri. Láti ọdún 1960 ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tí ó wà ní Ewékorò ti ń lọ òkúta ẹfun di sìmẹ́ńtì, òkúta náà sì jẹ́ ìsàlẹ̀ òkun ní bí ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, tí ìkarahun àwọn ẹ̀dá òkun kún inú rẹ̀. Ìkarahun àtijọ́ ni a fi mọ ògiri, ìgbín tuntun sì ń lá a láti fi kọ́ ilé tirẹ̀.

Bí òǹkàwé bá bi mí pé kí ni ó kàn wá nínú gbogbo èyí, mo lè tọ́ka sí àwọn ẹyẹ. Ní ọdún 1994, Jaap Graveland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ìdí tí àwọn ẹyẹ igbó kan ní Netherlands fi ń yé ẹyin tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ tí ó sì ń fọ́: òjò tí èéfín ilé-iṣẹ́ ti sọ di kíkan ti fọ kálísíọ́mù kúrò nínú ilẹ̀, ìgbín wẹ́wẹ́ ti dín kù, ìgbín wẹ́wẹ́ sì ni àwọn ẹyẹ náà ń jẹ kí ẹyin wọn tó lè le. Ọ̀rọ̀ ìlera tún wà níbẹ̀. Aràn kan tí ń gbé inú ẹ̀dọ̀fóró eku, Angiostrongylus cantonensis, a máa gba inú ìgbín kọjá kí ó tó padà sínú eku, Subulina octona sì wà lára àwọn tí ó lè gbé e. Bí ènìyàn bá ṣèèṣì jẹ irú ìgbín bẹ́ẹ̀ ní tútù pẹ̀lú ẹ̀fọ́, aràn náà lè gun ọpọlọ. Aràn inú ìfun adìẹ kan wà pẹ̀lú tí ó ń lò ó bákan náà. Nítorí náà, kí a ya ewé létúùsì sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a fọ̀ ọ́ ní omi tí ń ṣàn, kí a sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí a bá ti jọ erùpẹ̀. Sísè ní ń pa á pátápátá.

Ibi tí ó kù tí mo ń fẹ́ kí a wò ni àwọn igbó tí a kò gé. Etí odò ní apá Ìgàndò wà, ilẹ̀ àkùrọ̀ tí kò ṣeé kọ́ ilé sí wà, àwọn ìlú Àwórì náà sì ní igbó orò tí àgbà kò jẹ́ kí katakata wọ̀. Kò sí ìgbálẹ̀ níbẹ̀, ewé ń jabọ́ lé ewé lórí, ibòòji sì wà lọ́sàn-án gangan. Bí Gulella tàbí Ptychotrema tí ó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí bá ṣì ń mí ní Alímọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ni mo rò pé wọn yóò wà. Ẹni tí ó bá ní àṣẹ àtiwọ̀ ọ́, kí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tí ó ni í, kí ó bu ẹ̀kúnwọ́ ewé méjì péré lẹ́yìn òjò oṣù Kẹsàn-án, kí ó kọ orúkọ ibẹ̀ àti ọjọ́ tí ó bù ú sára àpò náà, kí ó sì gbé e lọ fún ẹni tí ó ní awò amúǹkan-tóbi ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́, tí kò jìnnà sí Ìgàndò rárá.